Wọ́n Lọ sí Àgbádárìgì, Èmi ni Wọ́n Wá Bá Jà l'Ábújá

Ọ̀gá wa obìnrin ló sọ ọ́, níbi ìpàdé àárọ̀ ọjọ́ Ajé, níwájú gbogbo èèyàn: "Ìyá Ìbejì, ẹ bá wa kìlọ̀ fún àwọn ará ìlú yín, kí wọ́n yé rẹ́ àlejò jẹ. Fáìlì tí mo ní kí ẹ gbé wá ńkọ́?" Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí pé tí ọ̀gá bá dápàárá ní ọ́fíìsì ìjọba, ẹ máa kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná kí ẹ tó wo ibi tó ti dùn yín. Mo ní, "Fáìlì nìyí, mà." Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà há mi lọ́fun bí eegun ẹja, ẹ̀yin ni mo sì fẹ́ pọ̀ ọ́ fún.

Àwọn kan nínú wa ló lọ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ l'Ékòó, tí wọ́n yọ Sátidé sọ́tọ̀ láti lọ wo Àgbádárìgì, ìlú etí ọ̀sà tí wọ́n ti ń kó ẹrú lọ láyé àtijọ́. Ọmọ ibẹ̀ ni mí, inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́. Mo júwe ibi tí wọ́n ti lè jẹ ẹja tútù fún wọn. Wọn ò débẹ̀. Ẹjọ́ ni wọ́n kó bọ̀. Wọ́n ní àwọn sanwó lẹ́nu ọ̀nà kìíní, wọ́n tún san ní ìkejì. Ọmọkùnrin tó ń mú wọn káàkiri gbà, ọlọ́kọ̀ ojú omi gbà, ẹni tó kàn dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga náà ní kí wọ́n "fi nǹkan sílẹ̀". Ẹ̀gbọ́n kan nínú wọn, ọmọ Ìjẹ̀bú (ẹ gbọ́ o, ọmọ Ìjẹ̀bú ló ń sọ pé àwọn kan fẹ́ràn owó jù), ní Àgbádárìgì nìkan lòun ti rí ibi tí èèyàn ti ń sanwó kí wọ́n tó bà á nínú jẹ́.

Mi ò ní jiyàn. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ta ló ni ibi tí wọ́n ń wọ̀ yẹn? Mùsíọ́mù jẹ́ ti ìjọba. Ilé Mobee, níbi tí wọ́n kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àwọn ẹrú sí, ti ìdílé Mobee ni. Ilé Séríkí Williams Abass, oníṣòwò ẹrú ayé àtijọ́, níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú pamọ́ sínú àwọn yàrá kóńkóló yẹn, ti àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni, wọ́n sì ń gbé inú agboolé náà di òní. Aṣọ wọn wà lórí okùn. Ọbẹ̀ wọn wà lórí iná. Àlejò á ya wọlé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, á gba ẹ̀gbẹ́ ọmọ tó ń sùn lórí ẹní kọjá, á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára fún fọ́tò.

Ìyá àgbà mi ta àgbọn ní Màrínà wa, ẹ̀bá ọ̀sà, nítòsí pẹ́tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ tí gbogbo yín kà nípa rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́, èyí tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1842, tí wọ́n parí ní 1845, tí Àjàyí Crowther gbé inú rẹ̀. Bọ́ọ̀sì á já àwọn àlejò sílẹ̀. Wọ́n á ya fọ́tò pẹ́tẹ́ẹ̀sì, wọ́n á ya fọ́tò ọ̀sà, wọ́n á ya ìyá àgbà mọ́ ọn. "Ẹ kú ọjà o, Màmá" kò ní jáde lẹ́nu ẹnì kankan. Ìyá àgbà ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹni tó bá kí wọn, wọ́n á fún un ní ènì. Ẹni tí kò bá kí wọn, iye tó bá wá sí wọn lẹ́nu ni yóò san. Bó bá pariwo, wọ́n á wo ọ̀sà. Mo kéré nígbà náà, mo rò pé bí wọ́n ṣe ń tajà kárí ayé nìyẹn, pé àìkíni ní owó tirẹ̀.

Títí di òní, ẹ bi àlejò ohun tó bí i nínú l'Àgbádárìgì, yóò ní owó. Ẹ bi onílé, yóò ní wọn ò kí òun.

Ọ̀nà tún wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ mọ̀ ọ́n. Láti 2009 ni wọ́n ti ní àwọn ń sọ ọ́ di ọlọ́nà mẹ́wàá. Ọkọ̀ ojú irin tó yẹ kó dé Okokomaiko bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Màrínà Èkó ní oṣù kẹsàn-án 2023, ó sì dúró sí Mile 2. Ẹni tó bá sì dé Okoko, ẹ jọ̀ọ́, ó ṣì ku Àgbárá, ó ku àwọn ọlọ́pàá, ó ku àwọn tí kì í ṣe ọlọ́pàá. Nítorí náà, àlejò tó kúrò l'Ékòó kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀sán ló máa dé, ó sì fẹ́ kúrò ní aago mẹ́ta kí ilẹ̀ má baà ṣú mọ́ ọn lọ́nà. Láàárín wákàtí díẹ̀ yẹn, ó fẹ́ rí ibi tí igi Àgíà wà kó tó wó ní 1959, níbi tí wọ́n ti wàásù ìhìnrere lọ́dún 1842. Ó fẹ́ rí ọjà Vlekete, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrú. Ó fẹ́ sọdá sí Gberefu, ní òdìkejì ọ̀sà. Ó fẹ́ kí Zangbeto, egúngún tó jẹ́ pé òru ló ń ṣọ́ ìlú, jáde sí i ní aago méjì ọ̀sán, kí wọ́n sì yí i dojú dé kí òun rí i pé kò séèyàn nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó padà lọ sùn ní Victoria Island. Òtẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ló gba owó orun, ibẹ̀ ló gba owó oúnjẹ alẹ́ àti ti àárọ̀. Owó omi inú ọ̀rá ló kù fún ìlú wa. Ọlọ́kọ̀ ojú omi tí kò rí èrò láti ọjọ́ Ajé wá ń wò yín bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ẹ sì fẹ́ kó dá iye tó bá ẹ̀rí ọkàn mu.

Ẹ má rò pé mo ń wá ẹjọ́ o. Bóyá àárò ló ń ṣe mí. Ẹ̀yin tí a jọ wà l'Ábújá, ẹ mọ̀ pé Jabi Lake ni òkun wa. Adágún tí wọ́n fi ọwọ́ dá sílẹ̀! Síbẹ̀, ẹ lọ síbẹ̀ ní ọ̀sán Àìkú kẹ́ ẹ wo àwọn èèyàn: awò dúdú lójú, ṣòkòtò péńpé, wọ́n jókòó ti omi tí kò lè gbá ike lọ. Ọkọ mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, sọ fún mi nígbà kan pé òun ń gbọ́ ìró ìgbì. Mo ní jẹnẹrétọ̀ ni. Tí ọyẹ́ bá sì dé, tí ètè wa bẹ̀rẹ̀ sí í là, mo máa ń dúró de àwọn àbókí tó ń ti àgbọn nínú bárò ní Kubwa, l'Ábújá níbí, wọ́n á bù ú wẹ́wẹ́, "Kwakwa, Haja!" Mo bi ọ̀kan léèrè ibi tó ti wá. Ó ní "Legas". Mo ní Legas wo? Ó wò mí bíi pé orí mi ò pé. Mo rà ju èyí tí a lè jẹ tán lọ.

Ibi tí ẹ̀rín ti tán lẹ́nu mi nìyí. Olùkọ́ ọmọ mi, Kẹ́hìndé, kọ́ wọn nípa òwò ẹrú, ó sì sọ nínú kíláàsì, tinútinú rere, pé ìlú ìyá Kẹ́hìndé ni wọ́n ti ń kó wọn lọ. Ọmọ náà dé ilé, ó sọ báàgì sílẹ̀, ó fi òyìnbó bi mí pé, ṣé àwa ni wọ́n tà ni, àbí àwa la tà wọ́n? Wọ́n ti bi í níléèwé, kò mọ èyí tóun lè mú.

Ẹ̀yin òbí, kí lẹ máa sọ? Nílé wa, a kì í béèrè irú ìbéèrè yẹn. Àwọn tí baba ńlá wọn tà àti àwọn tí wọ́n fẹ́ tà tí kò bọ́ sí i, wọ́n ti gbé ara wọn níyàwó, wọ́n ti jọ sin òkú, wọ́n jọ ń ná ọjà kan. Mo sọ ìtàn Séríkí Abass fún un, torí pé òun nìkan ni mo rí tó sún mọ́ ìdáhùn: wọ́n jí i gbé ní Ìjógà-Orílé nígbà tó wà lọ́mọdé, wọ́n tà á dé Brazil, ó sì padà wá di ẹni tó ń ta èèyàn bíi tirẹ̀. Ó kú ní 1919, inú agboolé yẹn náà ni ibojì rẹ̀ wà. Kẹ́hìndé gbọ́ ọ tán. Kò sọ nǹkan kan. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá bi í pé ọmọ ibo ni, ó ń sọ pé ọmọ Kubwa lòun. Àti Yorùbá ni o, tí mo bá sọ ọ́ sí i níta báyìí, òyìnbó ló fi ń dá mi lóhùn.

Mo pe ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ dàgbà, tó ń ṣe gáìdì. Òun ni ẹni tó ń dúró níwájú yín, tó ń sọ pé agbòòrùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń gba ogójì èèyàn, tí gbogbo yín á pariwo "Jésù!", tí ẹ á tún ní kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i torí pé fóònù ò tíì ká a sílẹ̀. Mo ní báwo ló ṣe ń ṣe é, lójoojúmọ́. Ó ní ojú lòun fi ń jẹun. Tí òun bá rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá sọdá dé Gberefu, níbi kànga tí wọ́n ní wọ́n ń fún àwọn ẹrú ní omi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé, àlejò kì í fún òun ní nǹkan kan. Òun gbọ́dọ̀ fajú ro. Àwọn tó wá láti Amẹ́ríkà tilẹ̀ máa ń dì mọ́ òun, wọ́n á sunkún sí òun léjìká, òun náà á sunkún. Ó ní ìgbà mìíràn ẹkún òdodo ni, ìgbà mìíràn owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ lòun ń rò. Kò tíì sí ẹni tó bi òun rí, lọ́jọ́ kan ṣoṣo, bí ìyàwó òun ti ń ṣe.

Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀gá. Gbogbo èèyàn ló ń wá wo ibi tí àwọn kan gbà lọ. Àwa tí a ò lọ, wọ́n ní ká sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí fọ́tò lè mọ́. Àwọn tó fẹ́ ṣe wá lóore pàápàá, bákan náà ni. Lọ́dún 2009, Marlon Jackson, ẹ̀gbọ́n Michael Jackson olórin, bá wọn dá sí ètò ńlá kan: òtẹ́ẹ̀lì, pápá gọ́ọ̀fù, ìrántí àwọn ẹrú, àti mùsíọ́mù Jackson Five lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé bínú, wọ́n ní àbùkù ni, kí wọ́n fi ibojì ṣe ibi ìgbafẹ́. Wọ́n lè jàre. Ṣùgbọ́n nílé wa, ohun tí àwọn àbúrò mi ń béèrè ni bóyá wọ́n máa gba èèyàn síṣẹ́. Wọn ò kọ́ ọ. Àwọn tó bínú padà sílé wọn, àwọn tó fẹ́ kọ́lé náà padà sílé wọn.

A lọ sí Ushafa ní ìsinmi kan, àwa ọ́fíìsì kan náà. Abúlé àwọn ẹ̀yà Gbagyi tí Bill Clinton bẹ̀ wò ní oṣù kẹjọ 2000, tí wọ́n ń mọ ìkòkò. Ìyá kan jókòó tó ń fi ọwọ́ yí amọ̀, kámẹ́rà yí i ká. Ẹ̀gbọ́n ọmọ Ìjẹ̀bú na ìka sí ìkòkò kan, ó ní èló. Ìyá náà wò ó, ó dá iye kan. Mo mọ iye yẹn! Iye ìyá àgbà mi ni. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo fi Haúsá kí wọn kú iṣẹ́, mo ní "Sannu da aiki, Mama," a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ọmọ àti ilé, ìkòkò kan náà sì wálẹ̀ débi pé ẹ̀gbọ́n ní mo ti bá wọn dìtẹ̀ ṣáájú.

Lọ́nà ilé, wọ́n ń ṣàwàdà pé àwọn Gbagyi náà ti mọ owó. Ẹ dákun, kí ni wọn ò ní mọ̀? Lórí ilẹ̀ wọn ni gbogbo wa wà. Àwọn ará Wuse àtijọ́, ibi tí ọjà wa wà l'Ábújá, ni wọ́n kó lọ sí Sabon Wuse ní Ìpínlẹ̀ Niger, kí àwa lè rí ibi ra tòmátì. Àpáta Zuma tó wà lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún náírà, Niger náà ló wà, àwa ará Àbújá la sì fi ń yangàn. Mo sọ èyí nínú bọ́ọ̀sì. Wọ́n ní kí n má bínú, pé àwàdà ni.

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lọ sí Àgbádárìgì ní ọdún Àjíǹde, ẹ kàn sí mi, n ó fún yín ní nọ́ńbà gáìdì yẹn. Ẹ sùn níbẹ̀, ó kéré tán, alẹ́ kan. Ẹ jẹ ẹja níbẹ̀. Ẹ kí gbogbo ẹni tẹ́ ẹ bá bá lẹ́nu ọ̀nà, títí kan ọmọdé, kẹ́ ẹ tó yọ fóònù. Ẹ bi ọ̀rẹ́ mi léèrè ìyàwó rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì dé etí ọ̀sà, ẹ dúnàá dúrà kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀ lọ sí Gberefu, kẹ́ ẹ ní lílọ àti àbọ̀ ni. Lílọ nìkan ni wọ́n máa kọ́kọ́ dá lé yín.