Dáàlì márùn-ún, òkété kan: iṣẹ́ ojúde ilé wa ní Kétu

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Èrèlé

Ìyá mi fi ẹsẹ̀ kọ dáàlì kejì, ọbẹ̀ tó wà lọ́wọ́ wọn sì dà sílẹ̀ yàà. Wọn ò bínú púpọ̀, wọ́n kàn wò mí, wọ́n ní, "Ìwọ tó o máa ń fi gbogbo Sátidé kan àga fún ará àdúgbò, o ò rí ojúde ara rẹ." Ọ̀rọ̀ yẹn ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí.

Dáàlì ni àwa níbí ń pe kọnkéré pẹlẹbẹ tí a fi ń tẹ́ ilẹ̀. Márùn-ún ló tò mọ́ ògiri iwájú ilé wa, láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí dúrọ́ọ̀mù omi. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà kan ní gígùn àti mítà kan ní ìbú, ó sì nípọn tó sàǹtímítà 8. Bàbá mi ló dà wọ́n nígbà ayé wọn. Mo ti pinnu pé màá fọ́ gbogbo rẹ̀ dànù, kí n da tuntun. Ọmọkùnrin bíríkìlà tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa ló dá mi dúró. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé dáàlì ló bàjẹ́ ni, àbí ilẹ̀ tó gbé e?" Ẹnu mi wọhò.

Mo kọ́kọ́ wọn ibi tí wọ́n rì dé. Mo ra rọ́bà tó mọ́ gaara, mítà 10, mo rọ omi kún inú rẹ̀. Ibi tí omi bá dúró sí lápá kan náà ló máa dúró sí lápá kejì, ilẹ̀ ìbáà rí gbágungbàgun. Mo fi ẹ̀ẹ́dú sàmì sára ògiri. Nọ́ńbà 1 rì ní sàǹtímítà kan péré, nọ́ńbà 4 rì ní méjì. Nọ́ńbà 3 rì ní márùn-ún. Nọ́ńbà 2 tó da ọbẹ̀ ìyá mi nù rì ní méje, àti pé apá ọ̀dọ̀ ògiri ló dà sí. Èyí tó yẹ ni kí ó fi sàǹtímítà méjì dà síta nínú mítà kọ̀ọ̀kan, kí omi lè sá fún ilé. Tiwa ń fa omi òjò lọ sí ìpìlẹ̀. Mo ti ń ronú nípa ẹsẹ̀ tó kọ, n kò mọ̀ pé ògiri gan-an ló ń jìyà jù.

Nọ́ńbà 5 ti fọ́ sí mẹ́rin. Ọkọ̀ tó kó iyanrìn wá lọ́jọ́sí ló gùn ún.

Sátidé kejì

Mo mú òòlù, mo ń lu wọ́n díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń yan igbá lọ́jà. Níbi tí ilẹ̀ bá wà lábẹ́ rẹ̀, á dún kì. Níbi tí kò bá sí nǹkan, á dún gbọ̀ngbọ̀n. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì nọ́ńbà 2 tó ń dún gbọ̀ngbọ̀n.

Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Wọ́n á lu ihò tó fẹ̀ tó sàǹtímítà mẹ́rin tàbí márùn-ún sínú dáàlì, wọ́n á fi ẹ̀rọ ti ẹrọ̀fọ̀ tí wọ́n po sìmẹ́ńtì mọ́ gba ibẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀ títí dáàlì á fi gbéra fúnra rẹ̀. Òmíràn wà tó jẹ́ fóòmù, ihò tiẹ̀ kéré púpọ̀, kò sì ní ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ kó tó le. Èmi ní jáàkì ọkọ̀, ọ̀pá irin méjì, àti àbúrò ìyàwó mi.

Ohun tí mo wò kí n tó pinnu nìyí. Dáàlì tó ṣì wà lódindi, tí ojú rẹ̀ kò ṣí, tó kàn rì, gbígbé ni kí á gbé e. Èyí tó ti fọ́ wẹ́wẹ́, tàbí tó ń hó bí ẹ̀kọ tó gbẹ, kò sí ohun tí à ń gbé níbẹ̀. Kì í ṣe owó nìkan ni mo rò. Kọnkéré tuntun ń fẹ́ omi lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán, ọjọ́ 28 sì ni a fi ń ka agbára rẹ̀. Èyí tí bàbá mi dà ti gbó, ó ti le bí àpáta. Àti pé bí mo bá da tuntun sórí ilẹ̀ rírọ̀ kan náà, yóò tún rì, àfi pé èmi ni wọ́n máa bú lọ́tẹ̀ yìí.

Nítorí náà: gbé nọ́ńbà 2 àti 3, pààrọ̀ nọ́ńbà 5, má fọwọ́ kan 1 àti 4.

Sátidé kẹta

Kúbìkì mítà kan kọnkéré, ìyẹn mítà kan ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga, wúwo tó kílò 2,400. Mo ṣe ìṣirò: dáàlì wa kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 190, bí àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin tó so pọ̀. Mo gbẹ́ ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà 2 títí mo fi rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo fi pákó nípọn lé orí jáàkì, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e. Bó bá gòkè díẹ̀, a ó ki òkúta sí abẹ́ rẹ̀, a ó bọ́ sí apá kejì. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ki ọwọ́ sí abẹ́ rẹ̀ kí òkúta tó wà níbẹ̀.

Nígbà tó dìde tó, mo tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀. Ihò ni mo rí, ihò tó gba apá mi dé èjìká. Èkùrọ́ ló kún inú rẹ̀, èèpo ẹ̀gẹ́ wà níbẹ̀, ṣíbí kan tún wà níbẹ̀ tí ìyàwó mi ti fẹ̀sùn rẹ̀ kan ọmọ aládùúgbò láti ọdún tó kọjá. Òkété! Ìyàwó mi dúró, kò sọ̀rọ̀, ó fọ ṣíbí rẹ̀, ó wọlé lọ. Lẹ́yìn náà ló gbé àkàrà fún ìyá ọmọ yẹn.

Òkété kọ́ ni olórí ẹlẹ́bi ṣá o. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé, kòtò tí wọ́n gbẹ́ fẹ̀ ju ògiri lọ, wọ́n sì da ilẹ̀ padà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láìgún un mọ́lẹ̀ kó le. Iyanrìn ni mo wú, àti búlọ́ọ̀kù fífọ́, àti ọ̀rá. Orí ibẹ̀ gan-an ni òrùlé méjì ti pàdé tó ń da omi sí. Omi ń gbé iyanrìn lọ díẹ̀díẹ̀, òkété rí ilẹ̀ tó rọ̀, ó kọ́lé. Ilẹ̀ pupa Kétu kì í ṣe ilẹ̀ tí kò le. Òun ni àwọn baba wa fi mọ odi ìlú, ẹni tó bá dé Àkàbà Ìdénà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa, á rí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kó le gbọ́dọ̀ gún un mọ́lẹ̀, kó sì gba omi lọ́wọ́ rẹ̀.

A kó ìdọ̀tí jáde, a da yangí sí i. Mo ń bu ẹ̀kúnwọ́ kan, mo ń fún un: bó bá dì mú, tó sì ṣẹ́ sí méjì geere nígbà tí mo bá tẹ̀ ẹ́, omi rẹ̀ tó. Bó bá kán tótó, ó ti pọ̀ jù. Sàǹtímítà mẹ́wàá, a gún un mọ́lẹ̀. Mẹ́wàá mìíràn, a gún un mọ́lẹ̀. Gbogbo ara ń dùn mí títí di Ọjọ́ Ajé. Lókè pátápátá, a fi iyanrìn àti sìmẹ́ńtì gbígbẹ tẹ́ ẹ, mẹ́wàá sí ọ̀kan, a sì rọra sọ dáàlì kalẹ̀. Rọ́bà omi ní ó dára.

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Ẹrẹ̀nà

Mo fọ́ nọ́ńbà 3.

Ojú ń kán mi. Àbúrò ìyàwó mi kò wá, mo ní ṣebí mo ti mọ̀ ọ́n ṣe. Igun kan péré ni mo ki jáàkì sí, n kò fi pákó lé e, mo sì ń gbé e lọ láì bọ́ sí apá kejì. Ó dún pò! Ó là láti igun dé igun. Mo jókòó sórí bárò fún ìgbà díẹ̀. Dáàlì tí bàbá mi dà, tí òjò kò lè fọ́, tí òkété kò lè fọ́.

Bíríkìlà dé, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kọnkéré fẹ́ kí á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò fẹ́ kí á ká a." Ó wá di méjì tí mo máa pààrọ̀.

Sátidé kejì sí ìkẹrin

Èyí yá kíákíá. A kó àfọ́kù jáde, a kì ilẹ̀, a kan pákó yí i ká, a da kọnkéré: sìmẹ́ńtì ọ̀kan, iyanrìn méjì, òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́rin. Mo jẹ́ kó nípọn tó sàǹtímítà mẹ́wàá. Dáàlì méjèèjì kò gba àpò kan ààbọ̀. A fi àpò òfìfo bò wọ́n, ìyá mi sì gba iṣẹ́ bíbu omi sí i láàárọ̀ lálẹ́. Wọn ò jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe é.

Ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì ni mo yọ́ sí àlàfo tó wà láàárín dáàlì àti ògiri. Mo ti fẹ́ lo sìmẹ́ńtì, ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì á sán bí dáàlì bá mira díẹ̀, omi á sì tún rí ọ̀nà. Páànù tó kù nígbà tí a kan òrùlé ilé ìdáná ni mo ká ṣe ọ̀nà omi sí ibi tí òrùlé ti pàdé, ó ń gbé e lọ sínú dúrọ́ọ̀mù. Ní ìlú tí omi ti wọ́n yìí, èmi ò mọ ohun tó ń ṣe wá tí a fi ń jẹ́ kí omi yẹn ṣòfò láti ọdún pípẹ́ wá.

Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Igbe

Òjò àkọ́kọ́ tó lágbára rọ̀ ní òru Ọjọ́rú. Dúrọ́ọ̀mù kún, ó sì ṣàn sílẹ̀. Màá ní láti wá ìkejì. Mo gbé rọ́bà jáde ní kùtùkùtù. Àwọn tuntun dúró digbí. Nọ́ńbà 2 ti fi mìlímítà mẹ́ta wọlẹ̀. Mo fi ẹ̀ẹ́dú kọ ọ́ sára ògiri lábẹ́ àmì àtijọ́, màá tún wọ̀n ọ́n bí òjò bá dá.

Ihò tuntun wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Ìyá mi ti ra tàkúté.