Iṣẹ́ Kì í Gbé Inú Fèrèsé

Láti àárọ̀ ni terminal mẹ́rin, ìyẹn ojú tí a ti ń kọ àṣẹ fún ẹ̀rọ, ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà mi, nínú tmux, ètò tó ń di ọ̀pọ̀ terminal mú pọ̀. Àkọ́kọ́ ń fi rsync kó fáìlì láti orí dísìkì kan lọ sórí òmíràn, iṣẹ́ ọlọ́pọ̀ wákàtí. Èkejì ń fi journalctl -f gbé gbogbo ohun tí ẹ̀rọ ń sọ nípa ara rẹ̀ jáde bó ṣe ń sọ ọ́. Vim, ètò ìkọ̀wé, wà nínú ìkẹta, níbi tí mo ti ń tún fáìlì ètò kan kọ. Ìkẹrin ṣófo. Mo máa ń fi ọ̀kan sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún àṣẹ kéékèèké tó bá ṣàdédé yọjú, kí n má baà dí èyí tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́.

Lọ́sàn-án, ojú desktop dì gbagidi. Mouse kò rìn, fèrèsé kankan kò dáhùn. Rsync yẹn ni ọkàn mi kọ́kọ́ lọ sí. Mo tẹ Ctrl, Alt àti F3 pọ̀, ojú dúdú tí Linux, ètò tó ń darí ẹ̀rọ mi, máa ń fi pa mọ́ sẹ́yìn desktop sì yọ. Mo wọlé, mo kọ tmux attach -t ise, àṣẹ tó ń mú mi padà sí àkójọ iṣẹ́ tí mo sọ ní «ise». Gbogbo wọn pé síbẹ̀! Rsync ṣì ń ka iye tó ti kó, Vim ṣì dúró lórí ìlà tí mo fi í sí. Ibẹ̀ náà ni mo jókòó sí tí mo ń bá iṣẹ́ mi lọ.

Ìdí rèé tí mo fi fẹ́ràn tmux tó bẹ́ẹ̀. Pípín ojú ìwòye sí méjì tàbí mẹ́ta kọ́ ni mo ń wá lọ́dọ̀ rẹ̀. Terminator àti Tilix, àwọn ètò terminal mìíràn, ń ṣe ìyẹn, wọ́n tiẹ̀ dùn ún wò jù ú lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá pa fèrèsé terminal lásán dé, kernel, ọkàn Linux, á fi àmì SIGHUP (pé terminal ti já) ránṣẹ́ sí àwọn ètò inú rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì kú lójú ẹsẹ̀. Ti tmux yàtọ̀. Server rẹ̀ kan, ètò tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, wà lẹ́yìn tó di gbogbo shell mú, ìyẹn àwọn ètò tó ń gba àṣẹ wa. Ohun tí à ń rí lójú kàn jẹ́ ẹnu ọ̀nà síbẹ̀. Kí fèrèsé kú, iṣẹ́ kò mọ̀ rárá. GNU Screen ti ń ṣe irú èyí láti ọdún 1987, ó ṣì dára títí dòní. Tmux, tí Nicholas Marriott gbé jáde ní 2007, ni ọwọ́ mi kàn mọ́ jù.

Orúkọ ni ohun tí n kì í fi ṣeré. Bí a kò bá sọ fèrèsé inú tmux lórúkọ, tmux á máa fi ètò tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ pè é, nígbà tí púpọ̀ nínú wọn bá sì ń sinmi, bash, bash, bash, orúkọ shell náà, lèèyàn á máa rí nísàlẹ̀. Mo tẹ Ctrl àti b, mo tẹ kọ́mà, mo kọ «eda» (ẹ̀dà) fún ti rsync. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìyókù. Láti ìgbà náà, bí mo bá tẹ Ctrl àti b, tí mo sì tẹ w lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wọn á tò sílẹ̀ tòun torúkọ, n kò ní máa ṣí ọ̀kan kí n tó rántí ohun tí mo wá ṣe níbẹ̀.

Ohun kan wà nínú tmux tí n kò fẹ́ràn: synchronize-panes, èyí tó ń mú kí ohun tí a bá tẹ̀ sí ibì kan lọ sí gbogbo ibi tó kù nínú fèrèsé náà. Ó wúlò fún ẹni tó ń tọ́jú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, mo gbà. Ṣùgbọ́n rm, àṣẹ tó ń pa fáìlì rẹ́, kan ṣoṣo tó bá gbabẹ̀ kọjá, ó ti ṣe é káàkiri.

Mo tún fi history -a, àṣẹ tó ń kọ ìtàn àṣẹ sínú fáìlì, sínú PROMPT_COMMAND, ohun tí bash ń ṣe kó tó tún gba àṣẹ tuntun, nínú .bashrc mi, fáìlì ètò bash. Ìgbà tí shell bá ń jáde ni bash máa ń kọ ìtàn àwọn àṣẹ rẹ̀ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ shell tèmi lè wà níbẹ̀ fún ọjọ́ gbọọrọ láìjáde. Ní báyìí, gbàrà tí àṣẹ kan bá ti parí ló ń wọ fáìlì, shell tuntun tí mo bá ṣí á sì bá a níbẹ̀.

Kernel tuntun ti wà nílẹ̀ tó ń dúró kí n tún ẹ̀rọ tàn. Server tmux kò lè la ìyẹn já, nítorí náà mo jẹ́ kí rsync parí ná. Nígbà tí mò ń dúró, mo kọ fáìlì kékeré kan tí yóò tún ṣí gbogbo fèrèsé náà: tmux new-session -d -s ise -n eda ló bẹ̀rẹ̀, tmux new-window tẹ̀ lé e fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn yòókù. Bí ẹ̀rọ bá ti jí lọ́la, òun ni mo máa kọ́kọ́ pè.