Ọjọ́ tí Mọ́remí dáná sí mi lẹ́yìn ní Kubwa

Ṣòkòtò ni mo lọ gbà o. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, torí oríṣiríṣi ìtàn ló ti gba àdúgbò wa kan. Àwọn kan ní mo wọ ẹgbẹ́, àwọn mìíràn ní èèmọ̀ ló bá mi. Bùbá àti ṣòkòtò tí mo fẹ́ wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní Ìlọrin ló wà lọ́wọ́ Bàbá Télọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Gado Nasko ní Kubwa. Gbogbo ìgbà tí mo bá yà níbẹ̀ ni bàbá máa ń ní, "Bọ́tìnnì ló kù, Akọ̀wé." Ṣòkòtò onírópù ni ṣòkòtò ọ̀hún. Bùbá ọ̀hún, ọrùn rẹ̀ là sílẹ̀ gbayawu. Ibo ni bọ́tìnnì fẹ́ gbà wọlé?

Bí mo ṣe dé ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé yẹn, mo ti mọ̀ pé ọwọ́ mi ò ní í ba aṣọ. Máṣíìnì ti dákẹ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ti pé. Àwọn tí mo ń wí yìí, ẹ ò lè bá wọn sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ẹ ò lè bá wọn sọ̀rọ̀ ìbò. Ọ̀rọ̀ Abíọ́dún Dúró-Ládiípọ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn, òṣèré orí ìtàgé tó ṣe Ọya nínú Ọba Kò So, tó sì tún ṣe Mọ́remí títí orúkọ náà fi mọ́ ọn lára. Tí ẹ bá pe orúkọ obìnrin yìí níbẹ̀ láì fi "Màmá" ṣíwájú, wọn ò ní fún yín ní àga.

Ọmọ Òṣogbo ni Bàbá Télọ̀. Lójú tirẹ̀, Òṣogbo ni Dúró Ládiípọ̀, ọkọ Màmá, ti ṣe eré, Mbárí Mbáyọ̀, ilé àṣà tó wà ní Òṣogbo, ni Ọba Kò So ti jáde, nítorí náà ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ Màmá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ òun. Bùọ̀dá Ríwáyà tó ni ṣọ́ọ̀bù kejì, ọmọ Ọ̀yọ́ ni, Ọya nìkan ló mọ̀. Ẹnì kẹta ni Alhaja Alámàlà, ọmọ Ifẹ̀, tí kò fẹ́ gbọ́ nǹkan kan lẹ́yìn Mọ́remí. Ẹ wo ibi tí ìjà ti ń bọ̀.

Fídíò kan ni wọ́n ń wò lórí fóònù Bùọ̀dá Ríwáyà. Ọya ló wà níbẹ̀, ìlù bàtá ń dún kíkankíkan, ó yíjú sí Ṣàngó báyìí, ó fẹ́ lanu, ni àwòrán bá dúró gbagidi. Nǹkan roboto kan wá ń yí po láàárín fóònù. Dátà ti tán.

"Ẹ rí ojú yẹn?" ni Bùọ̀dá Ríwáyà wí, bí ẹni pé dátà rẹ̀ ò tán. "Kò tíì sọ̀rọ̀ o! Eré yìí ni wọ́n gbé lọ sí Berlin ní 1964. Àwọn ará Jámánì tí wọn ò gbọ́ 'ẹ káàárọ̀' jókòó, wọ́n wò ó títí dópin. Nígbà tó di 1965, wọ́n gbé e dé ìlú ọba, níbi àjọ̀dún àwọn orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì. Ṣé àmàlà ni wọ́n bá lọ?"

Alhaja pòṣé. Ẹni tó bá mọ Alhaja mọ̀ pé òṣé yẹn kì í dá wá.

"Ọya dáa. N ò ní kò dáa. Ṣùgbọ́n tí Dúró Ládiípọ̀ bá ti gbé Ṣàngó wọ̀, tó ń yọ iná lẹ́nu, ta ló tún ń ráyè wo ìyàwó? Mọ́remí lobìnrin fi dá dúró. Èmi fi ojú ara mi rí Mọ́remí nígbà tí wọ́n gbé e wá sí Kaduna. Ọmọge ni mí nígbà náà."

"Ẹ̀yin àti ta ni, Alhaja?" Bàbá Télọ̀ ló bèèrè.

"Èmi àti ìyá mi. Bẹ́ǹṣì iwájú la jókòó sí."

"Níjọ́sí ẹ ní ẹ̀yìn lẹ dúró sí, tẹ́ ẹ gun àpótí."

"A padà wá jókòó."

Ó ní kí wọ́n tiẹ̀ fi eré sílẹ̀, ṣé ẹnikẹ́ni gbẹ́ ère Ọya tó ga ẹsẹ̀ bàtà 42 bí èyí tí Ọọ̀ni Ògúnwùsì ṣí fún Mọ́remí ní Ilé-Ifẹ̀ ní 2016? Bùọ̀dá Ríwáyà ní ère kẹ̀? Odò Ọya gùn ju 4,000 kìlómítà lọ, ta ló fẹ́ fi ẹsẹ̀ bàtà wọ̀n ọ́n? Ó tún ní òkè Ọya ni Alhaja ń gbé láti bí ọgbọ̀n ọdún, tó ń ta àmàlà, tó fi kọ́lé, kó wá máa bú Ọya lórí ilẹ̀ Ọya. Ọ̀rọ̀ yìí dun Alhaja wọ egungun. Ó dìde. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí kò sí fídíò Mọ́remí níbẹ̀, òun máa ṣe é kí wọ́n rí i.

Ó wá kù kí wọ́n rí ẹni tó máa ṣe ará Ugbò. Bàbá Télọ̀ ní eegun orúnkún ń dun òun. Bùọ̀dá Ríwáyà ní òun ló máa lu ìlù. Gbogbo wọn wá yíjú sí mi, èmi tí mo wá gba ṣòkòtò.

"Akọ̀wé ga," ni Alhaja wí. "Àwọn ará Ugbò máa ń ga."

Mo ní, "Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ tètè padà sílé."

Bàbá Télọ̀ ní, "Ṣé o fẹ́ gba aṣọ rẹ àbí o ò fẹ́ gbà á?"

Ẹ̀yin náà mọ ìtàn ọ̀hún. Àwọn ará Ugbò máa ń fi koríko àti ìko bo ara láti orí dé ẹsẹ̀, àwọn ará Ifẹ̀ a rò pé ará ọ̀run ni wọ́n, wọ́n a sá fi ọjà sílẹ̀ fún wọn. Ìgbà tí Mọ́remí jẹ́ kí wọ́n kó òun lẹ́rú ló tó mọ̀ pé èèyàn ló wà lábẹ́ koríko, ó sá wá sílé, ó sì kọ́ àwọn ará Ifẹ̀ pé iná ni kí wọ́n fi pàdé wọn. Koríko, iná. Ó yẹ kí n ti ronú kan ibẹ̀ nígbà náà, àmọ́ ìgbéyàwó ló wà lọ́kàn mi.

Mẹ́súyà tó wà ní òdìkejì ọ̀nà ní ẹní koríko tí àwọn Hausa ń pè ní zana, tó fi ń ṣọgbà yí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ká. Wọ́n yá méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n fi ọ̀kan bò mí níwájú, wọ́n fi ọ̀kan bò mí lẹ́yìn, rọ́bà tó yẹ kó wà nídìí ṣòkòtò àwọn oníbàárà ni Bàbá Télọ̀ sì fi dì mí pinpin. Wọ́n wá da àpò sẹ̀mó tí wọ́n gán àjákù aṣọ mọ́ bò mí lórí. Nígbà tí wọ́n máa fi ṣe tán, n ò rí ju ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ, ọwọ́ mi ò ṣeé gbé sókè àfi tí mo bá gbé gbogbo ara, eruku sì ti kún imú mi. Ìgbà ọyẹ́ ni, koríko ọ̀hún gbẹ táútáú. Ilẹ̀ ń ṣú lọ, kò sì sí iná NẸ́PÀ.

"Má rìn bí akọ̀wé," ni Alhaja ń kìlọ̀. "Ẹrú lo wá kó! Gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, kó o fò jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, kó o máa ké bí ará ọ̀run."

Báwo ni ará ọ̀run ṣe ń ké? N ò béèrè. Mo lọ dúró sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Bùọ̀dá Ríwáyà dojú garawa dé, ó fi igi méjì bẹ̀rẹ̀ bàtá. Alhaja ká pépà tí Bàbá Télọ̀ fi ń gé aṣọ, ó tì í bọ inú ẹyín iná mẹ́súyà, ó gbé e sókè bí ìtùfù. Ó ké, "Ẹ̀yin ará Ifẹ̀, ẹ jáde!" Ìyẹn ni àmì tèmi.

Mo fò jáde. Mo ké. Ẹni tí mo fò jáde sí lójú kì í ṣe ará Ifẹ̀ o. Mẹ́rúwà ni, tó ń ti ọmọlanke rẹ̀ bọ̀ jẹ́jẹ́, kẹ́ẹ̀gì omi kún inú rẹ̀, rédíò kékeré kan sì ń sọ̀rọ̀ létí rẹ̀. Ọmọkùnrin náà wò mí. Ó wo obìnrin gbàǹgbà tó ń fi iná lé mi bọ̀. Rédíò ló kọ́kọ́ bọ́.

"Wayyo Allah! Aljani!" Ànjọ̀nnú ló ń pè mí.

Mo gbé ọwọ́ sókè pé kó má bẹ̀rù, gbogbo zana náà gbéra sókè pẹ̀lú ọwọ́ mi, ìyẹn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ó fo gọ́tà tí n ò rí ẹnikẹ́ni fò rí, ó fi sílípáàsì ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Nápẹ́ẹ̀pù kan tó ń bọ̀ lókè yí padà lójú ọ̀nà tòun ti èrò inú rẹ̀.

Alhaja ò rí èyíkéyìí nínú gbogbo èyí. Kaduna ló wà lójú rẹ̀. Ó ń bọ̀ tìlù-tìlù, ó gbé ìtùfù, ó ní "Èèyàn ni wọ́n! Ẹ má sá!" ó sì nà án sí mi lẹ́yìn. Mo gbọ́ nǹkan tó ta pàrà. Mo kọ́kọ́ rò pé rọ́bà ló já.

"Alhaja, iná!"

"Ẹ̀n-ẹ́n!" ni Bàbá Télọ̀ wí láti orí àga. "Ẹ ò rí i báyìí? Akọ̀wé ti wọ inú eré."

"Bàbá, iná ni mo wí! Iná ń jó mi!"

"Bí wọ́n ṣe ké gan-an nìyẹn ní Kaduna!" ni Alhaja fèsì. Bùọ̀dá Ríwáyà fi kún ìlù. N ò mọ̀ pé ènìyàn lè máa jóná lóòótọ́ kí wọ́n sì máa yìn ín fún un. Mo sá lọ sápá ọ̀tún, wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo sá padà, wọ́n ní kí n tún un ṣe.

Mẹ́súyà ni Ọlọ́run lò. Ó fi ọ̀bẹ súyà sílẹ̀, ó já kẹ́ẹ̀gì kan gbà nínú ọmọlanke mẹ́rúwà, ó dà á lé mi lórí. Ìgbà náà ni ojú àwọn tó kù ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Gbogbo wọn bo kẹ́ẹ̀gì. Iná ti kú, wọ́n ṣì ń da omi. Bàbá Télọ̀ tó ní orúnkún ń dun òun, kẹ́ẹ̀gì méjì ló dá gbé. Ẹ ṣáà mọ bí omi ṣe ń rí lálẹ́ nígbà ọyẹ́ ní Abuja. Nígbà tí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé rọ́bà kúrò lára mi, ara mi ò jóná, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì mi ti di fèrèsé, eyín mi sì ń lu bàtá tó dáa ju ti Bùọ̀dá Ríwáyà lọ.

Ibi tí a dé nìyẹn tí àwọn fijilanté fi dé. Wọ́n mú igi, wọ́n mú tọ́ọ̀ṣì, ẹnì kan gbé ìbọn ìbílẹ̀, mẹ́rúwà sì wà lẹ́yìn gbogbo wọn, láì wọ bàtà.

Ọ̀gá wọn ní, "Ina aljanin?"

Gbogbo ìka nà sí mi. Ẹ jọ̀ọ́, kò sẹ́ni tó ṣiyèméjì.

Bàbá Télọ̀ tún fìlà dé. Ó ní kí n má fòyà, pé ẹnu ọ̀nà àwọn òṣèré gidi ni mo dé yìí, pé báyìí náà ni àwọn òyìnbó amúnisìn ṣe fòfin de eré Ògúndé ní Jos ní 1946, lórí Strike and Hunger, Ògúndé ò sì torí ẹ̀ fi eré sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn púpọ̀. Yorùbá ló fi sọ ọ́, ọ̀gá fijilanté ò sì gbọ́ ju "Jos" lọ, ló bá tún di igi rẹ̀ mú dáadáa.

Alhaja ló gbà mí sílẹ̀, Hausa rẹ̀ ṣe geere. Ó bẹ̀rẹ̀ láti Ilé-Ifẹ̀, ó ṣàlàyé ọjà, ó ṣàlàyé koríko, ó ṣàlàyé ẹrú. Nígbà tó dé ibi iná, ọ̀gá fijilanté ti fìdí lélẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó ń lu itan. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ti pa tọ́ọ̀ṣì. Mẹ́rúwà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Kuɗin ruwana fa?"

Owó omi. Alhaja ní òun ò lo omi. Bùọ̀dá Ríwáyà ní ká ní Ọya ni wọ́n ṣe ni, kò ní sí pé wọ́n ń wá mẹ́rúwà kiri. Bàbá Télọ̀ ní nínú ẹgbẹ́ eré, ẹni tí aṣọ ìtàgé bá bàjẹ́ sí lọ́rùn ló ń tún un ṣe. N ò mọ ẹgbẹ́ eré tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí èmi tí wọ́n dáná sí lẹ́yìn ṣe san owó omi tí wọ́n fi pa iná nìyẹn, mo san owó zana mẹ́súyà, mo sì fi nǹkan lé e fún mẹ́rúwà torí rédíò.

Mo rò pé ó ti parí. Bùọ̀dá Ríwáyà ló tún fi ọ̀rọ̀ gún Alhaja. Ó ní ká má tan ara wa, kí ènìyàn máa fi iná lé akọ̀wé kì í ṣe eré, pé tí Màmá bá ṣe Ọya, ojú lásán ló fi ń ṣe é.

"Ẹ ò tíì rí Mọ́remí," ni Alhaja wí pẹ̀lẹ́. "Ibi ẹkún ló kù. Ibi tó ti fi ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Olúorogbo, fún odò Ẹsìnmìrìn láti san ẹ̀jẹ́. Ibẹ̀ ni gbogbo Kaduna ti sunkún." Ó yíjú sí àwọn fijilanté, ó túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Ọ̀gá wọn ní kò ní dáa kí àwọn lọ láì rí ìyẹn. Mẹ́rúwà dojú kẹ́ẹ̀gì kan dé, ó jókòó lé e.

"Ta ló máa ṣe Olúorogbo?" ni Bàbá Télọ̀ bèèrè.

"Ẹni tí wọ́n jù sómi ni," Alhaja ní, ó sì ń wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Akọ̀wé ti kúkú rin."

N ò dúró gbọ́ ìyókù. Mo gba ọ̀nà Byazhin, mo ń sáré. Wọ́n pè mí títí, n ò wẹ̀yìn. Ẹ̀yìn mi ni Alhaja ti bú sẹ́kún: "Olúorogbo! Olúorogbo, ọmọ mi o!" Ká má purọ́, obìnrin náà mọ̀ ọ́n ṣe. Ara mi bù máṣọ, kì í sì í ṣe nítorí òtútù. Bí mo ṣe ń kọjá níwájú ilé kan, ìyá Yorùbá kan ṣílẹ̀kùn, ó ká ọwọ́ lérí, ó bi mí pé, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, ta ló kú níbẹ̀ yẹn?"

Mo ní, "Èmi ni, mà."