Tí Apànìyàn Bá Yófẹ̀ẹ́ ní Ìjẹ̀bú: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Ìtàn Kíkọ

Ìtàn apànìyàn tó yófẹ̀ẹ́ ni mò ń kọ. Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń gbé, ibẹ̀ ni mo sì ti ń kọ ọ́ ní apá-apá fún àwọn tó ń kà á lórí fóònù. Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ kọ irú rẹ̀ a máa béèrè lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń mú kí ẹ̀rù ba òǹkàwé, síbẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ á ṣì máa fà sí ìfẹ́ àwọn méjèèjì. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n má wulẹ̀ wá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kankan. Kí ọkùnrin náà ṣáà ti sọ pé òun fẹ́ gbé obìnrin náà níyàwó, kí ẹbí ìyàwó wá bẹ̀rẹ̀ ìwádìí.

Nínú ọ̀pọ̀ ìtàn báyìí tó ń ti òkè òkun wá, àwọn olólùfẹ́ méjèèjì nìkan ló wà láyé. Wọ́n pàdé, wọ́n fẹ́ra, kò sí ẹni tó béèrè orúkọ bàbá ẹnikẹ́ni. Kò lè rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin bá ti dárúkọ ọkùnrin nílé ní Ìjẹ̀bú tàbí ní Rẹ́mọ, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ àwọn méjèèjì nìyẹn. Ọmọ ta ni? Agboolé wo? Ìyá tó bí i ńkọ́, ọmọ ibo lòun? Wọ́n á rán èèyàn lọ sí ìlú rẹ̀ láìjẹ́ kó mọ̀. Wọ́n á béèrè bóyá wèrè wà nínú ìdílé, bóyá olè wà níbẹ̀, bóyá wọ́n máa ń jẹ gbèsè, bóyá àwọn ọkùnrin ilé náà máa ń na ìyàwó. Apànìyàn lè parọ́ fún ọlọ́pàá, ó lè fún un lówó. Kí ló fẹ́ ṣe fún ìyá àgbà tó jókòó ti ọjà rẹ̀ l'Ókè-Àje, tó mọ ọkùnrin tí ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ fẹ́ kó tó fẹ́ bàbá rẹ̀?

Nínú èyí tí mò ń kọ lọ́wọ́, Bánjọ lorúkọ apànìyàn, Kúbúrá lorúkọ obìnrin tó fẹ́ràn. Ẹ̀gbọ́n ìyá Kúbúrá ló ń ṣe ìwádìí. Màmá yìí kò mọ̀ pé apànìyàn lòun ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Ó kàn fẹ́ mọ irú ilé tí ọmọ àbúrò òun fẹ́ wọ̀ ni. Ohun tó ń dẹ́rù bani níbẹ̀ nìyẹn: ire ló ń wá kiri, ikú ló sì ń sún mọ́ ní gbogbo ìgbà tó bá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan. Òǹkàwé mọ̀, òun kò mọ̀. Nígbà tó wọ mọ́tò Ṣàgámù láti lọ béèrè ìdílé Bánjọ ní Mákún, ńṣe ni àwọn òǹkàwé mi ń fi ohùn ránṣẹ́ pé kí n jọ̀ọ́, kí n dá màmá padà sílé.

Ojúde Ọba ni mo ti rí èrè ọ̀rọ̀ yìí jù. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra, á wọ aṣọ kan náà, wọ́n á jó lọ kí Awùjalẹ̀, àwọn ìdílé Balógun á gun ẹṣin wá pẹ̀lú ìbọn àti ìlù. Ìgbà ayé Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tó gorí ìtẹ́ ní 1960 tó sì wàjà ní oṣù keje ọdún 2025, ni mo fi ìtàn mi sí, nítorí pé lójú rẹ̀ ni àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tún gbérí tí ọjọ́ náà fi di ohun tí gbogbo ayé ń wá wò. Bánjọ ti sọ pé ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde pọ́ńbélé lòun, bẹ́ẹ̀ ó ti lé ní ogójì ọdún. Màmá rẹ́rìn-ín sí i, ó ní, "Ọkọ wa, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wo lo wà?" Kò rí ìdáhùn fún un. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kó má wà nínú ẹgbẹ́, ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó dàgbà sí ẹ̀yìn odi ni kò sí nínú rẹ̀. Àmọ́ kò tilẹ̀ mọ orúkọ ẹgbẹ́ tó yẹ kó jẹ́ tirẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni oorun màmá kò ti jìn mọ́.

Fóònù tó wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn ló tún wá kàn. Ọkùnrin tó ti ń sá fún fọ́tò láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, Kúbúrá ti rán aṣọ fún un, ó fẹ́ kí wọ́n dúró pọ̀ níwájú ààfin kí wọ́n ya wọ́n. Bó bá kọ̀, ó ti dójú ti olólùfẹ́ rẹ̀ níṣojú ẹbí. Bó bá gbà, ojú rẹ̀ á kárí ayé kí ilẹ̀ tó ṣú. Mi ò fi ìbọn apànìyàn tàbí ọ̀bẹ sínú orí yẹn rárá, síbẹ̀ òun ni wọ́n sọ pé ó bà wọ́n lẹ́rù jù.

Mo bẹ̀ yín, ẹ fún òkú lórúkọ. Bí òǹkọ̀wé bá ti ń kánjú dé ibi ìfẹ́, ẹni tó kú ló máa ń fò dá. Wọ́n á pa ọkùnrin kan lójú ewé kejì, a ò ní gbúròó rẹ̀ mọ́ títí ìtàn á fi parí. Èmi, ilé òkú ni mo máa ń kọ ṣáájú. Lámídì ni Bánjọ pa. Ilẹ̀ ẹbí ló fa á, nítòsí Ṣàgámù, níbi tí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978 ti pàdé ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ àti Benin. Oko obì bàbá àgbà ni tẹ́lẹ̀, àfi bí àwọn onílé iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilẹ̀ rà níbẹ̀. Ẹnì kan nínú ẹbí kò fẹ́ kí Lámídì bá wọn pín in, ó sì sanwó fún Bánjọ. Gbogbo ẹni tó bá dàgbà ní agbègbè wa ló mọ ẹjọ́ ilẹ̀ kan tó ti ba ilé kan jẹ́, nítorí náà mi ò ní láti ṣàlàyé púpọ̀ fún wọn.

Mùsùlùmí ni Lámídì. Wọ́n sin ín kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, torí pé ẹ̀sìn ní ká má fi òkú falẹ̀. Kò dé mọ́ṣúárì, dókítà kankan kò yẹ̀ ẹ́ wò. Bánjọ mọ̀ pé bó ṣe máa rí nìyẹn. Àmọ́ àwọn tó wẹ òkú rí ọrùn rẹ̀. Ẹ̀sìn tún kọ́ni pé ẹni tó wẹ òkú kì í tú ohun tó rí lára rẹ̀ síta, bíbò ni wọ́n ń bò ó. Mo wá fi àbúrò bàbá Kúbúrá sáàárín àwọn tó wẹ̀ ẹ́. Bàbá yìí jókòó níbi fídáù ọjọ́ kẹjọ, ó ń wo ìyàwó Lámídì pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, kò lè sọ̀rọ̀, kò lè jẹun. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n ní kó wá bá wọn jókòó gba àlejò, ọkùnrin kan fẹ́ wá tọrọ Kúbúrá. Gbogbo ìtàn náà ń gbé inú bàbá yẹn. Mo fún un láyè ju Bánjọ lọ ní àwọn orí kan, kò sì sí ẹni tó ráhùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti oògùn kíákíá. Wọ́n ti fi orúkọ Ìjẹ̀bú mọ oògùn owó tó bẹ́ẹ̀ tí ẹlòmíràn á fi rò pé bó bá ti gbé ìgbá àti ẹ̀jẹ̀ sínú yàrá apànìyàn, iṣẹ́ ti parí. Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má sì fi Agẹmọ, òrìṣà ìbílẹ̀ wa ní Ìjẹ̀bú, wọ apànìyàn láṣọ. Àwọn Alágẹmọ mẹ́rìndínlógún tó ń lọ sí Ìmọsàn ní ọ̀wọ̀ tiwọn lọ́dọ̀ wa. Mo lo àkókò wọn, torí pé obìnrin kì í rí Agẹmọ, Kúbúrá sì ní láti wà nínú ilé tí títì dá páropáro. Ilé Bánjọ ló bá a. Ìyẹn tó.

Obìnrin náà gbọ́dọ̀ níṣẹ́ lọ́wọ́, kó sì mọ iṣẹ́ náà dénú. Obì ni Kúbúrá ń tà ní Sábó, Ṣàgámù. Ó ń ra gbàǹja lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Rẹ́mọ, ó ń bó o, ó ń ṣà á, ó ń fi ewé tẹ́ apẹ̀rẹ̀ kó tó kó o sí i fún àwọn Hausa tó ń gbé e lọ sókè Ọya. Ẹni tó bá ti ṣa obì fún ọdún púpọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á ti mọ èyí tí kòkòrò wà nínú rẹ̀ kó tó là á. Bó ṣe ń wo èèyàn náà nìyẹn. Ẹ má kọ ọ́ bí òmùgọ̀ tí ìfẹ́ fọ́ lójú. Ó rí nǹkan kan lára Bánjọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, ìdí tó fi fẹ́ ẹ ni kí ẹ wá.

Kí ìfẹ́ náà jẹ́ òtítọ́ o. Bánjọ fẹ́ràn rẹ̀ dénúdénú. Kó dúró ní Sábó nínú òjò nítorí rẹ̀, kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń se ìkọ́kọrẹ́ bí ìyá Kúbúrá ṣe ń sè é. Àmọ́ lẹ́yìn tí mo kọ irú nǹkan báyìí, obìnrin kan fi ohùn ránṣẹ́ sí mi pé, "Àǹtí, ẹ bá mi wá Bánjọ tèmi." Ohùn ọmọdé ni. Mi ò lè sùn dáadáa. Àwọn obìnrin ń kú lọ́wọ́ ẹni tó ní òun fẹ́ràn wọn, àwọn kan nínú wọn kò jìnnà sí wa. Láti ìgbà náà, mi ò dín adùn ìfẹ́ náà kù, ṣùgbọ́n mo ń jẹ́ kí iye tó ń ná Kúbúrá hàn. Bánjọ ra síìmù tuntun fún un "kí àwọn oníbàárà má yọ ọ́ lẹ́nu." Ó ń wá mú un ní ìsọ̀ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó dé. Ó mọ ibi tó lọ láìjẹ́ pé ó sọ fún un. Ohun dídùn kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀kùn kan tì lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹni tó ń ka èyí bá rí ara rẹ̀ níbẹ̀, jọ̀ọ́, sọ fún ẹnì kan tí kì í ṣe ọkùnrin náà, kó tó di pé ilẹ̀ ọ̀la mọ́.

Ẹ tún ka òfin kí ẹ tó kọ̀wé. Láti 2011 ni wọ́n ti ń forúkọ síìmù sílẹ̀ ní Nàìjíríà, oṣù kejìlá ọdún 2020 ni ìjọba sì ní kí wọ́n so ó pọ̀ mọ́ NIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, torí náà apànìyàn ayé ìsinsìnyí tó ń pe èèyàn kiri láìbẹ̀rù, irọ́ ni. Ní ti ìjìyà, ikú ni abala 319 nínú òfin ìwà ọ̀daràn wa là sílẹ̀ fún ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ pànìyàn. Ẹni tó bá mọ̀ pé ẹnì kan pànìyàn tó sì gbé e pamọ́ lè gba ẹ̀wọ̀n gbére. Ṣùgbọ́n òfin kan náà yọ ìyàwó sílẹ̀: bó bá ran ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ láti bọ́ lọ́wọ́ ìjìyà, a kò ní dá a lẹ́bi èyí. Ìgbéyàwó tó sì kà sí ni ti ọkọ kan aya kan, irú èyí tí wọ́n ń fọwọ́ sí ní kọ́ọ̀tù.

Nígbà tí mo ka ibẹ̀, mo rí ọ̀pá tó gbé ìtàn mi ró. Bánjọ bẹ̀rẹ̀ sí í kánjú. Ó ní kí wọ́n lọ fọwọ́ sí ìwé ní kọ́ọ̀tù ná, kí wọ́n tó so yìgì. Ẹbí rò pé ọ̀làjú ló ń dà á láàmú. Kúbúrá rò pé ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ ni lóòótọ́, torí pé ó ti mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọ́n á mú òun, kò sì fẹ́ kí wọ́n mú un mọ́ òun. Ó tún fẹ́ kó di ẹni tó lè fi òun pamọ́ láìbẹ̀rù. Méjèèjì ń gbé inú ọkùnrin kan náà, mi ò sì yà wọ́n sọ́tọ̀ fún òǹkàwé. Kó gbé wọn pọ̀ bí mo ṣe gbé wọn.

Wọ́n máa ń bi mí bóyá Bánjọ á kú, tàbí bóyá àwọn méjèèjì á jọ sá lọ. Wọn ò ní sá lọ. Nígbà tí ọjọ́ kọ́ọ̀tù ku díẹ̀, àbúrò bàbá Kúbúrá la ẹnu, ó sọ ohun tó rí lọ́rùn Lámídì. Kúbúrá kò tíì di ìyàwó lójú òfin, nítorí náà ohun tó bá ṣe, ọrùn ara rẹ̀ ló wà. Ẹ má jẹ́ kí ọlọ́pàá já ilẹ̀kùn wọlé wá gbà á. Ẹ jẹ́ kí Kúbúrá wọ mọ́tò lọ bá ọlọ́pàá ní Abẹ́òkúta fún ara rẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ jókòó tì í, kó sọ gbogbo rẹ̀ nígbà tó ṣì fẹ́ràn ọkùnrin náà. Ìyàwó Lámídì wà ní kọ́ọ̀tù lọ́jọ́ tí Kúbúrá jẹ́rìí, mo sì kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tán kí n tó jẹ́ kí adájọ́ sọ̀rọ̀.