Mo lọ wo pápá tó gbé Louis dìde tó tún dá a padà

Train ò dé St Andrews, ní Scotland. Èmi ò mọ̀ o! Mo ti jókòó pẹ̀sẹ̀ nínú train láti Edinburgh, mò ń wo omi lójú fèrèsé, àfi bí mo ṣe gbọ́ pé Leuchars ni gbogbo ẹni tó bá ń lọ St Andrews máa bọ́ sílẹ̀ kó wá wọ bọ́ọ̀sì 99. Ìlú tí gbogbo ayé ń pè ní ilé gọ́ọ̀fù, train ò débẹ̀. Mo kàn rẹ́rìn-ín. Bọ́ọ̀sì yẹn ò sì pẹ́ ṣá, àwọn tá a jọ wọ̀ ọ́ gbé àpò gọ́ọ̀fù ràgàjì-ràgàjì, èmi ni mo gbé àpò ẹ̀yìn lásán bí ọmọ iléèwé.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ yan Sunday ni. Old Course, pápá gọ́ọ̀fù tí mo wá wò, kì í sábà ṣí fún gọ́ọ̀fù lọ́jọ́ Sunday, ilẹ̀ ìlú ni, tó bá dọjọ́ yẹn ẹni tó bá wù lè wọlé wá nasẹ̀, wọ́n á mú ajá dání, wọ́n á ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́. Pápá yòókù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni àwọn alápò tá a jọ wọ bọ́ọ̀sì ń lọ. Èmi ò mọ gọ́ọ̀fù gbá rárá, ẹ má retí kí n sọ bí wọ́n ṣe ń di ọ̀pá mú. Nítorí ọkùnrin kan ni mo ṣe lọ, Louis Oosthuizen, agbá-gọ́ọ̀fù ọmọ South Africa.

Ó ti tó ọdún mélòó kan. Monday kan ní July 2015, mo wà níbi iṣẹ́, mo fi fóònù pamọ́ sábẹ́ tábìlì, mò ń wo The Open, ọ̀kan nínú ìdíje gọ́ọ̀fù mẹ́rin tó tóbi jù tí wọ́n ń pè ní major, Old Course yìí ni wọ́n ti gbá a lọ́dún náà. Àwọn kan máa ní kí ló dé tí wọ́n ń gbá The Open ní Monday, ìjì ni. Lọ́jọ́ Saturday ìjì yẹn ń yí bọ́ọ̀lù tó ti dúró jẹ́ẹ́ lórí green, ìyẹn koríko tí wọ́n gé mọ́lẹ̀ yí ihò ká, wọ́n dá eré dúró fún ohun tó lé ní wákàtí mẹ́wàá, ìgbà kejì rèé nínú gbogbo ìtàn The Open tí wọ́n máa parí ẹ̀ lọ́jọ́ Monday. Mi ò tíì gbọ́ orúkọ ọkùnrin yìí rí kó tó dọjọ́ náà. Mo rí ojú ẹ̀ nígbà tí bọ́ọ̀lù ìkẹyìn ò wọlé, ó kàn bọ àwọn tó kù lọ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo wá ń wò ó, pé irú èèyàn wo lèyí?

Ìgbà tí mo lọ ka ìtàn ẹ̀ ni mo rí i pé orí pápá yìí kan náà ló ti gba ife yẹn ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, tó fi ìgbá 7 na gbogbo èèyàn (nínú gọ́ọ̀fù, ẹni tí ìgbá ẹ̀ bá kéré jù ló borí). Pápá kan náà o. Ó ti di dandan kí n lọ wò ó nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe rò ó bí mo ṣe ń rìn. Ọmọ àgbẹ̀ ni Louis, ẹ̀bá Mossel Bay ni, ọdún 1982 ni wọ́n bí i. Fáúndéṣọ̀n Ernie Els, àgbà agbá-gọ́ọ̀fù South Africa, ló ràn án lọ́wọ́ nígbà tó ṣì kéré torí gọ́ọ̀fù ń gba owó. 2002 ló di professional. Ó gba ife nílé ní South Africa, àmọ́ ti European Tour, ìyẹn ọ̀wọ́ ìdíje tí wọ́n ń gbá kiri látọdún dé ọdún, ó di March 2010, ní Spain, kó tó gba àkọ́kọ́. Ẹ kà á, láti 2002.

Nǹkan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí nìyẹn. A máa ń rò pé iṣẹ́ àwọn èèyàn yìí ni ife àti ṣẹ́ẹ̀kì ńlá lọ́jọ́ Sunday. Irọ́ ni. Friday ni iṣẹ́ wọn. Nínú ìdíje gbogbogbòò lórí tour, èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Thursday, tí wọ́n bá gbá ihò 36 tán ní Friday wọ́n á gé e, nǹkan bí 65 ló máa kù, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní cut. Ẹni tí cut bá gé, kọ́bọ̀ ò sí fún un. Ó ti san owó ọkọ̀ òfurufú, ó ti san hòtẹ́ẹ̀lì, caddie tó ń gbé ọ̀pá 14 kiri fún un ń retí owó ọ̀sẹ̀ tiẹ̀, òun á wá di ẹrù lálẹ́ Friday á gba orílẹ̀-èdè míì lọ torí ìdíje míì máa bẹ̀rẹ̀ ní Thursday tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ yìí Dubai, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ibòmíì, oorun ò mọ ibi tó ń sùn sí. Tí kò bá sì gba pọ́ńtì tó títí ọdún fi parí, káàdì tour náà á bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó di kó padà sí Q-School, ìdíje tí wọ́n fi ń wá káàdì, lọ bá àwọn ọmọdé jà.

Louis gan-an, kó tó dé St Andrews ní July 2010, major mẹ́jọ ló ti gbá, ẹ̀ẹ̀kan péré ló la cut kọjá. The Open fúnra ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta tó lọ ni wọ́n gé e. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ò mọ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ ẹ̀!

Pápá ọ̀hún wá ńkọ́? Kí n má parọ́, ó kọ́kọ́ já mi kulẹ̀. Ó tẹ́jú pẹrẹsẹ, kò sí igi, kò sí odò aláràbarà bí èyí tá a máa ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n ní Augusta. Koríko àti iyanrìn ni, òkun lápá kan, ìlú lápá kan, ọ̀nà mọ́tò kan tiẹ̀ gba àárín ihò kìíní àti ìkejìdínlógún kọjá. Ìgbà tó o bá rìn wọ àárín ẹ̀ lo máa mọ̀ pé kò tẹ́jú rárá, ilẹ̀ ń yọ gegele ó ń wọ kòtò, kòtò iyanrìn sì fara pamọ́ síbi tí ojú ò tó, 112 ni wọ́n. Hell Bunker tó wà ní ihò 14, mo dúró létí ẹ̀ mo wo inú ẹ̀, ó jìn débi pé tó o bá wà nínú ẹ̀ ògiri nìkan ni wàá máa wò. Ní 2000 Tiger Woods gbá ihò 72 níbí, ẹyọ kòtò kan ò gbé bọ́ọ̀lù ẹ̀. Mo ń wò ó mo ń mi orí.

Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ náà, há! Mo ṣí agbòòrùn mi lẹ́bàá ihò kẹfà, kò ju ìṣẹ́jú kan lọ tó fi yí i padà bí ife, irin ẹ̀ méjì kán, mo kán èyí tó kù mo jù ú sí gọ́bẹ̀jì. Bàtà kánfáàsì ni mo tún wọ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Afẹ́fẹ́ yìí wà nínú ìtàn Louis náà. Ní 2010 Rory McIlroy fi ìgbá 63 parí ihò 18 lọ́jọ́ Thursday, gbogbo ayé pariwo, ó dọ̀sán Friday ìjì dé, ó gbá 80. Louis gbá 65 ní Thursday, òwúrọ̀ kùtù ló jáde ní Friday, ó ti gbá 67 tiẹ̀ tán kí ìjì tó gbóná. Àwọn kan ní oríire ni. Mo gbà, àmọ́ Saturday àti Sunday ńkọ́? Ṣé oríire náà ni? Wọ́n ní ó ya àmì pupa kékeré kan sára ìbọ̀wọ́ ẹ̀, kó tó gbá bọ́ọ̀lù á wò ó kí ọkàn ẹ̀ má baà fò lọ. Èèyàn tó ní àmì pupa lọ́wọ́, tó rò pé ọkàn òun lè sá lọ, mo fẹ́ràn ẹ̀.

Mo rìn dé ihò kẹsàn-án, ìparí ayé ni lójú mi, ìlú ti di nǹkan kékeré lẹ́yìn. Níbí ni Sunday yẹn ti yanjú. Ó gbá bọ́ọ̀lù láti ibẹ̀rẹ̀ ó bọ́ sórí green lẹ́ẹ̀kan, ó tún tì í wọlé láti òkèèrè, eagle, ìyẹn ni pé ó fi ìgbá méjì dín sí par, iye ìgbá tí wọ́n là sílẹ̀ fún ihò náà. Paul Casey tó ń lé e, ìrètí tiẹ̀ pin. Ìgbá 16 ni Louis fi wà lábẹ́ par nígbà tó parí, Lee Westwood ló ṣe ìkejì. Caddie ẹ̀ Zack Rasego, ọmọ South Africa náà, ló gbé àpò, ọjọ́ náà sì ni Mandela pé ọdún 92, Louis dárúkọ bàbá náà nígbà tó gba ife.

Nígbà tí mo ń padà bọ̀, bàbá kan tó mú ajá méjì dání bi mí pé kí ni mò ń wá kiri tí mò ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí owó já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ní Louis Oosthuizen. Ó ní, "Eléèjí yẹn?" Àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ń pè é ní Shrek, òmìrán inú fíìmù àwọn ọmọdé, nítorí èjí ẹ̀, èmi ò rí ohun tó burú nínú èjí o, ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Bàbá ní òun wà níbẹ̀ ní 2015, òtútù ni òun rántí jù.

2015 yẹn, mẹ́ta ni wọ́n lọ playoff, ìyẹn àfikún ihò fún àwọn tí ìgbá wọn dọ́gba, òun, Zach Johnson àti Marc Leishman, ihò mẹ́rin, 1, 2, 17, 18. Ihò 17 ni wọ́n ń pè ní Road Hole torí ọ̀nà wà lẹ́yìn green ẹ̀ gan-an, ògiri sì tẹ̀ lé e, bọ́ọ̀lù ẹ bá kọjá díẹ̀, ó ti dójú títì. Ibẹ̀ ni Louis ti tàsé bọ́ọ̀lù kúkúrú. Ìgbá kan ṣoṣo ni Johnson fi jù ú.

Ṣé ìyẹn nìkan ni? Ní Masters 2012 (Masters, US Open àti PGA ni major mẹ́ta yòókù) ó gbá bọ́ọ̀lù wọlé láti yáàdì 253, ìgbá 2 péré lórí ihò par 5, ẹnikẹ́ni ò ṣe é rí lórí ihò kejì ní Augusta, síbẹ̀ Bubba Watson gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ ní playoff. US Open 2015, ìkejì. PGA 2017, ìkejì, ìyẹn ni pé ó ti ṣe ìkejì ní major mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. 2021, ìkejì lẹ́yìn Phil Mickelson, oṣù kan lẹ́yìn ẹ̀ ìkejì lẹ́yìn Jon Rahm. Ẹ̀ẹ̀mẹfà! Ó bá LIV, líìgì gọ́ọ̀fù tí owó Saudi gbé kalẹ̀, lọ ní 2022, mo rò pé ó ti tán nìyẹn, àfi bó ṣe gba ife méjì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ní December 2023, ní Leopard Creek àti Mauritius.

Mo gba orí afárá Swilcan kọjá, àwọn èèyàn tò sílà fún fọ́tò, èmi náà tò. Lẹ́yìn ìyẹn mo dúró létí green ihò 18, mi ò tẹ orí ẹ̀ o, mo ṣí fídíò 2015 lórí fóònù kí n lè mọ ibi tí bọ́ọ̀lù yẹn ti kọ̀ tí ò wọlé. Mo yí fóònù sọ́tùn-ún, mo yí i sósì, mo fi ilé ńlá ẹ̀yìn ẹ̀ wọ̀n ọ́n. Mi ò rí i. Bàbá alájá yẹn ti dé ẹ̀yìn mi, ó wo fóònù, ó wo ilẹ̀, ó ní wọ́n ń gbẹ́ ihò míì ni kiri, wọ́n á fi koríko dí ti tẹ́lẹ̀, kò lè sí níbẹ̀ mọ́. Ajá ẹ̀ kan ń fa okùn. Bàtà mi ti rin gbindin, mo lọ dúró de bọ́ọ̀sì 99.