Abẹ́rẹ́ Tí Mo Gún Sí Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ara Mi

Ọyẹ́ mú ní Ògbómọ̀ṣọ́ débi pé awọ ojú mi ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Mo bá ra hyaluronic acid lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nǹkan tó máa ń fa omi mọ́ra lábẹ́ awọ. Nínú yàrá mi ní àdúgbò Under G, mo fi sípíríìtì nu ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo gún ẹyọ kan péré. Ó ta mí bí oyin! Kókó kan so síbẹ̀ fún ọjọ́ 4.

Nọ́ọ̀sì ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Kò tilẹ̀ dáhùn ìkíni mi: "Ṣé o mọ ibi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ gbà ni? Tó bá wọ ibẹ̀, ó lè dí i pa, kí awọ kú, kódà kí ojú fọ́."

Mi ò mọ̀ ọ́n, kí n má purọ́. Ó kó abẹ́rẹ́ tó kù lọ, ó fi òrí sílẹ̀ fún mi. Òrí ọ̀hún ń rùn díẹ̀.