Èèrà káfíńtà nínú gíláàsì: omi ni kí ẹ máa ṣọ́ l'Ékòó

Ṣúúrùléré ni mo ń gbé, mo sì ń sin èèrà nínú àpótí gíláàsì. Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Àwọn èèrà ńlá tí ń jáde lóru, tí wọ́n ń gbẹ́ ihò sínú òkú igi, ni mo ń sọ. Wọn kì í jẹ igi o. Ikán ló ń jẹ ẹ́. Èèrà káfíńtà kàn máa ń gbẹ́ ẹ ni, á sì da ìyẹ̀fun pákó síta. Ìyá onílé mi ò kọ́kọ́ gbà.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé òrùlé mi lo fẹ́ kí wọ́n wó?"

"Rárá o, mà. Ẹ wò ó, gíláàsì ni. Wọn ò lè gbẹ́ ẹ."

Wọ́n tẹjú mọ́ ọn, wọ́n ní tí àwọn bá rí ẹyọ kan ní kíṣìnì, èmi àti èèrà la jọ máa kó jáde.

Àwọn ará ìlú òtútù ló kọ èyí tó pọ̀ nínú ìmọ̀ràn tí ẹ máa kà lórí èèrà sísìn. Wọ́n á ní kí ẹ ra ohun tí ń mú ilé èèrà gbóná. Ẹ gbàgbé ìyẹn, ooru Èkó tó wọn. Omi ló ń dà wá láàmú: afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ti rin, ẹ tún wá ń bu omi sí i, kíá ni gbogbo rẹ̀ á bu, á hu irun funfun.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bu omi rin apá kan ṣoṣo nínú àpótí náà. Yanrìn tí mo pò mọ́ ilẹ̀ pupa ló wà nísàlẹ̀, ẹ̀ka igi fúrúùtù tó ti gbẹ ló wà lórí rẹ̀. Mo ri ọ̀pá ike tín-ín-rín mọ́ igun kan, ibẹ̀ ni omi ń gbà dé ìsàlẹ̀. Igun kejì, gbígbẹ ni. Lóru, ẹ fi ọ̀rá pupa bo ojú tọ́ọ̀ṣì, torí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ rí iná pupa, ẹ ó rí i bí wọ́n ṣe ń fẹnu gbé ọmọ kiri. Ẹyin àti ìdin á wà níbi tó rin. Àwọn tó ti fi òwú wé ara wọn, tí wọ́n rí bí hóró ìrẹsì, á wà níbi tó gbẹ díẹ̀. Tí gbogbo wọn bá sá kúrò nídìí ọ̀pá, omi ti pọ̀ jù. Tí wọ́n bá ṣùjọ síbẹ̀, ẹ fi kún un. Àwọ̀n onírin ni kí ẹ fi ṣe ìdérí. Wọ́n lè gé ti ọ̀rá.

Ẹ má gba àjákù pákó lọ́wọ́ káfíńtà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi Solignum, oògùn tí kì í jẹ́ kí kòkòrò jẹ igi, kùn ún. Ẹ má bu yanrìn etí ọ̀sà, iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ yan yanrìn nínú ìkòkò àtijọ́, kí ẹ jẹ́ kó tutù.

Ìyá èèrà ńkọ́? Ẹ wá a nídìí iná ìta lẹ́yìn òjò, èyí tó ti bọ́ ìyẹ́ sílẹ̀. Ìgò tóóró ti láàbù ni kó kọ́kọ́ gbé, omi nídìí rẹ̀, òwú láàárín, aṣọ dúdú lórí. Kò nílò oúnjẹ títí àwọn ọmọ àkọ́kọ́ á fi jáde, bí oṣù kan àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má kánjú gbé e sínú gíláàsì àfi tí àwọn ọmọ bá tó ogún.

Oyin tí a là ni wọ́n ń mu, pẹ̀lú èsúnsún tí mo ti bọ omi gbígbóná. Kílẹ̀ tó mọ́, mo ti kó àjẹkù kúrò, torí ibẹ̀ ni bíbu ti ń bẹ̀rẹ̀.

Èèrà wẹ́wẹ́ inú ilé á fẹ́ wá jí oyin. Ẹ ti ẹsẹ̀ tábìlì bọ agolo omi tí ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí, kí ẹ̀fọn má baà yé ẹyin síbẹ̀. Tí aládùúgbò bá ń fín oògùn ẹ̀fọn, ẹ ti fèrèsé, kí ẹ fi ọ̀rá bo àwọ̀n náà títí òórùn rẹ̀ á fi lọ.